Irin tí Kò Pọ́n

Èékánná ọmọ-ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ nìkan ló máa ń jẹ́ kó gùn. Ó fi í họ òrùlé jíìpù kan lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ọwọ́ sókè sínú oòrùn, ó wo ohun tó wà lábẹ́ èékánná. Pupa ni. Ó fẹ́ ẹ dànù. Ó sún síwájú díẹ̀, ó tún họ.

Báyìí ló ṣe yí jíìpù náà ká. Lára ilẹ̀kùn, pupa. Lẹ́yìn, èékánná wọlé tán, ó sì yára fa ọwọ́ kúrò bí ẹni tó ṣèèṣì ṣílẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ń wẹ̀. Ìgbà tó dé etí bọ́nẹ́ẹ̀tì, lápá ọ̀tún, ọ̀dà búlúù ló rí lábẹ́ èékánná. Lábẹ́ búlúù, ọ̀dà òféefèé. Lábẹ́ ìyẹn, búlúù mìíràn. Kò sí ìpẹtà.

"Ìhín ni," ó wí.

Bàdírátù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Jímọ́ọ̀ tó ń ta àwọ̀n ní Ugbonla. Ìyá Faiz ni wọ́n ń pè é ní gbogbo etí òkun. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa de rédíò mọ́ ọkọ̀. Kì í ṣe rédíò tí a fi ń gbọ́ ìròyìn. Èyí tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀ sí ni, tí ẹlòmíràn á gbọ́ níbi tó jìnnà, tí á sì dáhùn. Ọkọ̀ ojú omi ló ti ń dè é mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Jíìpù yìí ni àkọ́kọ́ tó ní táyà.

Kò sí ọ̀nà tó dé ibi tí jíìpù náà wà. Ìsàlẹ̀ Awoye ni, níbi tí ilé dúró lórí òpó tí òkun sì ń jẹ ilẹ̀ lábẹ́ wọn. Àwọn kan wá kó yanrìn níbẹ̀ lọ́dún kan. Orí omi ni wọ́n fi bààjì, ọkọ̀ pẹlẹbẹ tó ń kó ẹrù, gbé jíìpù náà gbà. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọn kò gbé e mọ́. Mátíù tó ń wà á fún wọn ló ṣì ń wà á títí dòní. Ìgbà tí òkun bá fà sẹ́yìn tí yanrìn sì le ni ó ń rìn. Ó ń kó ẹja, ó ń kó pákó, ó sì ń gbé aláìsàn lọ sí ẹnu ọ̀sà, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti lè gbà á. Ọdọọdún ni Mátíù ń kùn ún. Ọ̀dà tó bá ṣẹ́kù nílé àwọn tó ń kan ọkọ̀ ni ó ń tọrọ. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi lè sọ àwọ̀ jíìpù náà ní gbólóhùn kan.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ẹja ni Mátíù ṣe ránṣẹ́ pe Ìyá Faiz. Ṣèyífúnmi, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ti lóyún oṣù mẹ́jọ. Nẹ́tíwọ́kì fóònù kò dé etí òkun yẹn. Nọ́ọ̀sì Rèbékà, tó wà nílé ìtọ́jú ní Ugbonla, ti sọ tirẹ̀ tán. Bí rédíò inú jíìpù bá ń ṣiṣẹ́, kí Ṣèyífúnmi jókòó sílé bàbá rẹ̀. Ọjọ́ tí ìrọbí bá mú un, kí wọ́n pe òun, kí Mátíù gbé e wá sẹ́nu ọ̀sà, òun á ti bá ọkọ̀ wá pàdé wọn. Bí rédíò kò bá ṣiṣẹ́, kí ó bá ọkọ̀ Jóṣúà lọ sí Igbókòdá ní Ọjọ́bọ̀, kí ó sì wà níbẹ̀ lọ́dọ̀ Moríkẹ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, títí yóò fi bímọ.

Ọjọ́rú ni Bàdírátù dé.

Ṣèyífúnmi ló gba báàgì irinṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti di ẹrù sílẹ̀: ike ńlá kan tó ní ọmọrí, tó fi okùn àwọ̀n dè. Ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí gbogbo ẹni tó bá wọlé á ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

"O ò fẹ́ lọ," Bàdírátù wí.

"N ò fẹ́ lọ, mà."

"Ṣé Moríkẹ́ kì í ṣe èèyàn dáadáa ni?"

"Èèyàn dáadáa ni. Ó máa ń fi ẹran sábẹ́ púpurú fún mi kí àwọn tó kù má baà rí i." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo gbé ọ̀dọ̀ wọn fún oṣù méjì lẹ́yìn ìgbéyàwó. N kì í sùn, mà. Òkun kì í dún níbẹ̀. Mo máa ń ta jí, á máa ṣe mí bíi pé nǹkan kan ti kú."

"Kí ló kú?"

"N ò mọ̀."

Bàdírátù wo ike náà. Ó lọ sídìí jíìpù.

Mátíù jókòó lórí garawa kan, ó ń wò ó. Ọkùnrin tó ga ni, ó ní sùúrù, ó sì máa ń béèrè ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń fa àwọ̀n: díẹ̀díẹ̀, kò dáwọ́ dúró.

"Ìyá Faiz, ẹ ò ní lu ihò?"

"Ihò ni ilé ìpẹtà, Bàbá Ṣèyí. Irin yìí ni yóò di etí bọ́nẹ́ẹ̀tì mú, bí alákàn. Òun ni áńténà máa dúró lé."

"Ọ̀bẹ yẹn ńkọ́?"

"Mo fẹ́ fi họ ọ̀dà ni."

"Ọ̀dà mi?"

"Ọ̀dà yín. Lókè, àti nísàlẹ̀."

Mátíù dìde dúró. "Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń kùn ún."

"Mo ti rí i. Mo ti kà á dé mẹ́fà." Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í họ. Ọ̀dà ń bọ́ bí ìpẹ́ ẹja. "Irin áńténà gbọ́dọ̀ fara kan irin jíìpù. Ara jíìpù ni ìdajì áńténà."

"Ìdajì tó kù dà?"

"Òun lẹ kẹ̀yìn sí yẹn."

Mátíù wẹ̀yìn. Áńténà náà, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn ju òun fúnra rẹ̀ lọ, fara ti òpó ilé. Ó yí padà. "Kí ni ara jíìpù ń ṣe fún un?"

Bàdírátù dáwọ́ dúró. Ó jọ pé inú rẹ̀ dùn sí ìbéèrè náà. "Bí ẹ bá fẹ́ fò, kí lẹ máa kọ́kọ́ ṣe?"

"Màá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀."

"Ohùn náà fẹ́ fò."

Mátíù padà jókòó. Ó ronú sí i fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára ibi tí irin ti ń yọ níhòhò, funfun, tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé.

Bàdírátù fa wáyà láti inú jíìpù lọ sórí bátìrì tààrà. Níbi tí wáyà ti gba inú irin kọjá, ó fi rọ́bà yí i ká kí irin má baà gé e. Ó fi fíúùsì sí i nítòsí bátìrì. Ó de rédíò náà, tó tó bíbélì kékeré, sábẹ́ ibi tí Mátíù máa ń fi sìgá pa mọ́ sí. Mátíù kó sìgá kúrò. Ìgbà tí Bàdírátù ń wá nọ́ọ̀tì tí yóò fi de irin alákàn náà, ọ̀kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọ inú yanrìn. Ó wá a tì. Lẹ́yìn náà ó mú irin tí wọ́n fi ń yọ́ òjé gbóná nínú iná tí Ṣèyífúnmi fi ń yan ẹja, ó sì fi òjé lẹ ẹnu wáyà áńténà. Alẹ́ ti ń lẹ́. Ó ní ó di ọ̀la kí òun tó gbé áńténà dúró. Ó ṣe àlùwàlá, ó kírun lórí pákó ìta, wọ́n sì gbé oúnjẹ fún un.

Bí ó ṣe kọ́ iṣẹ́ náà nìyí. Yàkúbù, ọkọ rẹ̀, ni ó máa ń ṣe iṣẹ́ rédíò nínú àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń fa àwọ̀n lójú òkun. Ogún ọdún ló fi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì gba etí rẹ̀. Ìgbà tó padà sílé pátápátá, ọwọ́ rẹ̀ ṣì mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lè mọ̀ bóyá ohun tí òun dè ń sọ̀rọ̀. Ó wá ń mú Bàdírátù dání. Òun á dè é, ìyàwó á gbọ́ ọ, á sì fi ọwọ́ sọ fún un: ó mọ́, ó ń hó, ó jìnnà, ó ń já. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ọwọ́ Yàkúbù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bàdírátù gba ọ̀bẹ. Báyìí, ilé ni Yàkúbù máa ń wà. Bí ìyàwó rẹ̀ bá tan rédíò ilé, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e kó lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ìgbàkígbà tí obìnrin náà bá ti ìrìn àjò dé, ohun kan náà ni ọkùnrin náà máa ń fojú béèrè: kí ló bà á jẹ́, báwo lo ṣe mọ̀?

Ní Ọjọ́bọ̀, oòrùn ti gòkè díẹ̀ kí ó tó gbé áńténà dúró. Ibi tó họ ń dán. Ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ rí ohun tó súnmọ́ ọn mọ́, kò sì wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti irin alákàn bọ etí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fún un, ó gbé ọ̀pá náà lé e. Afẹ́fẹ́ òkun mú un, ó tẹ̀, ó tún nàró.

Jóṣúà ti gúnlẹ̀ nígbà náà. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń wa ọkọ̀ lọ sí Igbókòdá ni, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Ó ti gbé ike Ṣèyífúnmi sínú ọkọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rán an.

"Bàbá Ṣèyí, ọ̀pá ìpẹja yín mà gùn o! Ṣé inú jíìpù lẹ ó jókòó sí máa pẹja ni?"

"Lọ wo ọkọ̀ rẹ," Mátíù wí.

"Ọkọ̀ mi ń wò mí. Bí omi bá ti yí padà báyìí, mo ti ṣí. N kì í bá òkun jiyàn."

Bàdírátù tan rédíò. Ó hó. Ó yí i. Láàárín híhó náà, ohùn obìnrin kan jáde, ó mọ́ kedere bí ẹni tó wà lẹ́yìn ilé.

"...Ugbonla ń pe jíìpù. Jíìpù Mátíù, ẹ dáhùn. Ófà."

Ṣèyífúnmi fọwọ́ bo ẹnu. Nọ́ọ̀sì Rèbékà ni.

Mátíù gba gbohùngbohùn, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì fi ófà sọ pé ó kan ẹni kejì, bí Bàdírátù ti fi hàn án. "A gbọ́ yín, mà! A gbọ́ yín! Ófà!"

Rédíò hó.

"Jíìpù Mátíù, n ò gbọ́ nǹkan kan o. Ó ń ṣe kẹ̀ẹ̀ lásán. Ófà."

"A ní a gbọ́ yín!"

"N ò gbọ́ yín. Bí n ò bá gbọ́ yín kí Jóṣúà tó ṣí, kí Ṣèyífúnmi wọkọ̀ o. Mo bẹ yín. Ófà."

Jóṣúà pàtẹ́wọ́. "Ó gbọ́ràn, kò lè fèsì! Ìyá Faiz, ìyàwó tuntun lẹ dè mọ́ jíìpù."

"Ẹnu tìrẹ náà á ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ara á tù wá," Bàdírátù wí, kò wo ojú rẹ̀.

Ó yọ mítà kékeré kan, ó so ó mọ́ wáyà áńténà. Ó tẹ gbohùngbohùn. Abẹ́rẹ́ mítà náà sáré lọ sápá ibi pupa, ó sì dúró síbẹ̀. Bí ohùn bá ń jáde, ibi tí kò pọ́n ni abẹ́rẹ́ máa ń wà. Ohùn náà kò jáde. Ó ń dé ìdí áńténà, ó ń padà sílé.

Ó yẹ òjé wò. Òjé dáa. Ó yẹ wáyà wò láti òpin dé òpin, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Wáyà dáa. Ó tú irin alákàn, ó tún un fún. Abẹ́rẹ́ náà padà sí pupa. Omi ti dé ìdí òpó kejì. Jóṣúà ti kìlọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mátíù dúró, ó ká ọwọ́ méjèèjì lẹ́yìn, ó ń wo ọmọ rẹ̀. Ṣèyífúnmi kò wo ẹnikẹ́ni. Ó ti wọ bàtà.

Bàdírátù jókòó sílẹ̀ nínú yanrìn nídìí táyà. Ó dà bíi pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ń fi ọwọ́ ṣeré nínú yanrìn. Ọwọ́ rẹ̀ kan nǹkan. Ó gbé e sókè: nọ́ọ̀tì tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lánàá ni. Tuntun ni lánàá, ó funfun. Lónìí, ó ti pọ́n yíká.

Ó wo nọ́ọ̀tì náà. Ó gbójú sókè wo etí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Irin tó họ lánàá yọ díẹ̀ lábẹ́ irin alákàn. Òun náà sùn níta, létí òkun kan náà, nínú ìrì kan náà. Ó ṣì ń dán.

Ó dìde. Ó na ọmọ-ìka òsì, ó họ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé èékánná sókè sínú oòrùn.

Ọ̀dà fàdákà.

Ó wo yíká láìyí orí. Garawa tí Mátíù fi jókòó lánàá ń dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, fàdákà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lábẹ́ ilé, búrọ́ọ̀ṣì kan wà nínú agolo kẹrosíìnì.

Létí òkun níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í fi irin sílẹ̀ níhòhò mọ́jú. Bí àlejò bá gbàgbé àdá síta, onílé á fi epo pa á kí òun tó sùn. Kò ní sọ fún un. Bí ó bá sọ, ó di pé ó ń gba ọpẹ́.

"Ṣèyí," Bàdírátù wí, "bá mi bu omi mímu wá. Láti inú ìkòkò ìsàlẹ̀, èyí tó tutù. Jóṣúà, bá a lọ, kó má dá a gbé."

"Ife omi kan ṣoṣo, Ìyá Faiz?"

"Ife omi kan ṣoṣo. Dì í mú dáadáa."

Wọ́n lọ. Jóṣúà ń ráhùn bí ó ti ń lọ.

Bàdírátù yọ irin alákàn. Ó fa ọ̀bẹ yọ, ó họ òkè, ó họ ìsàlẹ̀, ó fi sáńpépà nù ún títí ó fi funfun lọ́nà mìíràn, funfun tí kò dán. Mátíù súnmọ́ ọn. Ó rí ohun tó ń bọ́ lẹ́nu ọ̀bẹ.

"Ìyá Faiz," ó wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Èmi ni mo..."

"Ẹ bá mi di ibí mú."

Ó di í mú. Bàdírátù ti irin mọ́ irin, ó fún un, ó fún un sí i. Ó tẹ gbohùngbohùn. Abẹ́rẹ́ mítà mì, ó yẹ̀ kúrò níbi pupa, ó sì jókòó jẹ́ẹ́.

Lẹ́yìn náà ló mú agolo gírísì nínú báàgì rẹ̀. Ó gbé e lé Mátíù lọ́wọ́.

"Wọ́n ti fara kan ara wọn báyìí," ó wí. "Ẹ wá bò ó."

Mátíù wo agolo náà. Ó ki ìka bọ̀ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa á, yíká, lókè, nísàlẹ̀, láìfi ibì kankan sílẹ̀, bí ẹni tó ń para fún ọmọ tuntun.

Ìgbà tí àwọn méjì yẹn gbé omi dé, Bàdírátù kò tíì gba ife tó fi na gbohùngbohùn sí Ṣèyífúnmi.

"Èmi, mà? Kí ni kí n sọ?"

"Ohun tó bá wù ọ́."

Ṣèyífúnmi jókòó sínú jíìpù, ó fi ikùn ti ibi ìtọ́kọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó kàn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ń mí. Lẹ́yìn náà ó jù ú sílẹ̀.

Rédíò hó.

"Ta nìyẹn?" ohùn Rèbékà wí. "Ta ló wà níbẹ̀? Mo gbọ́ yín. Ófà."

Jóṣúà dákẹ́.

"Èmi ni, mà. Ṣèyífúnmi. Ófà."

"Ṣèyífúnmi! O jọ ẹni tó wà nínú yàrá mi. Dúró ná. Kí ló ń dún lẹ́yìn rẹ yẹn? Ófà."

Ṣèyífúnmi bojú wẹ̀yìn bí ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ó padà yíjú.

"Òkun ni, mà," ó wí. Ó gbàgbé ófà.

"Ó dáa. Máa pè mí láràárọ̀. Sọ fún Jóṣúà kó máa lọ. Ófà."

Ṣèyífúnmi ti bọ́ sílẹ̀ kí Rèbékà tó parí rẹ̀. Ó wọ inú omi dé orúnkún pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Jóṣúà sáré kọjá lára rẹ̀, ó gbé ike náà sókè kó tó kàn án. "Má gbé e! Aboyún kì í gbé ẹrù mi! Háà, ọkọ̀ mi ti fẹ́ ẹrù yìí sílé o." Ó gbé e padà sórí pákó ìta, ó ń bú jíìpù, ó ń bú rédíò, ó ń bú omi tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi òun sílẹ̀. Ó fa ẹ́ńjìnnì, ó lọ.

Inú ọkọ̀ Jóṣúà ló yẹ kí Bàdírátù wà. Ìgbà tí ọkọ̀ náà ń ṣí, ó ń ká wáyà tó ṣẹ́kù, kò sì pè é. Ó kó irinṣẹ́ jọ níkọ̀ọ̀kan. Ó mu omi rẹ̀. Ó ju nọ́ọ̀tì pupa náà sínú báàgì.

"Ẹ jẹ́ kí n gbé yín dé Awoye," Mátíù wí. "Yanrìn ṣì wà díẹ̀."

"Ẹ pa epo yẹn mọ́ de ọjọ́ ìrọbí."

"Ìyá Faiz, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn?"

"Òun náà ni mo fi ń rìn kí wọ́n tó gbé jíìpù yín dé."

Ṣèyífúnmi ti wà nídìí iná, ó ń yí ẹja. Ó fẹ́ dìde, Bàdírátù fọwọ́ dá a padà. Ó bọ́ bàtà, ó fi í há abíyá, ó gbé báàgì kọ́ èjìká.

Ó ti rìn díẹ̀ kí Mátíù tó tún pè é. Agolo gírísì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá Faiz! Bí Bàbá Faiz bá béèrè ohun tó bà á jẹ́, kí lẹ máa sọ fún un?"

Kò wẹ̀yìn. Ó gbé ọmọ-ìka ọwọ́ òsì sókè, ó mì ín lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń lọ lórí yanrìn tútù, létí omi.